Ìwé Gbèsè Nínú Páànù Bísíkíìtì

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin, nílé wa l'Ókèṣà,
nínú páànù bísíkíìtì tó ti dógùn-ún yí ẹnu ká,
la ti bá ìwé gbèsè Jeremáyà Ọ̀ṣúnlúyì,
bàbá tó bí ìyá mi.
Òórùn kàfúrà ṣì ń bẹ lára rẹ̀.

Òṣómàáló ni wọ́n.
Wọ́n á di aṣọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Ráálè,
pópílìn, àrán, baaba olówó pọ́ọ́kú,
wọ́n á kúrò n'Íléṣà kí àkùkọ tó kọ, ó di oko:
"Gbà á lónìí, kí o san án bí kòkó bá gbẹ."
Bí kòkó bá gbẹ, tí ẹnu onígbèsè náà bá gbẹ,
bàbá á ká ṣòkòtò kọjá orúnkún,
wọ́n á sọ̀ sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún:
"Òṣòó ni n óò ló títí n óò fi gbowó mi."
Wọn ò ní búni.
Wọn ò ní gba omi mu lọ́wọ́ ẹni.
Adìẹ á gba abẹ́ itan wọn kọjá;
ojú àdúgbò ló ń bá wọn gbowó.

Ẹni tó bá san, wọ́n á fi yíǹkì pupa fa ìlà lé e lórí.
Àlàó alápatà, ṣílè méje. Ìlà.
Tíṣà Bámgbóṣé, pọ́n-ùn kan, ó ku tọ́rọ́. Ìlà, lẹ́yìn ọdún méjì.
Fádérera, Abà Àràbà, àrán ọ̀pá mẹ́fà:
*mo lóṣòó ọjọ́ mẹ́ta, ó ta ewúrẹ́.*
Ìlà.

Owó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, owó ra lọ́rì.
Nígbà tí ìbò dé, orí lọ́rì yẹn ni bàbá dúró sí l'Ẹ́rẹ́jà,
wọ́n ní kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀,
omi ẹ̀rọ á ti máa sán l'Ábà Àràbà.
Wọ́n wọlé. Wọ́n lọ sílé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn.
Ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ wà nínú páànù yìí kan náà:
ọ̀rọ̀ owó orí, ọ̀rọ̀ iye kòkó,
ọ̀rọ̀ àga tí kò tó nílé ìgbìmọ̀.
Mo wá omi níbẹ̀ títí, n kò rí i.

Òjò ọdún tó ń bọ̀ rọ̀. Òmíràn tún rọ̀.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
yọjú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó rí obìnrin kan nísàlẹ̀.
Ó ró àrán tó ti ṣá. Kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sọ̀:
"Òṣòó ni n óò ló títí n óò fi gbomi mi."

Wọ́n gbé àga fún un, ó yí ojú kúrò.
Bàbá kó owó wá, ó ní,
"Ṣé owó ni mo ní ẹ jẹ mí?"
Gbogbo Òkèṣà ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń rọra rìn.
Ní ọjọ́ kẹta, bàbá sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà,
wọ́n ká ṣòkòtò,
wọ́n lóṣòó tì í.
Ìyá mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.
Ó ní orúnkún bàbá ró pàù bí igi gbígbẹ,
pé Fádérera rẹ́rìn-ín.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ìwé náà rèé:
*Jeremáyà Ọ̀ṣúnlúyì. Omi ẹ̀rọ kan, Abà Àràbà.*
*Mo ta lọ́rì. A gbẹ́ kànga, ẹsẹ̀ bàtà ogójì, a bá àpáta.*
*Ó ku*
Wọn ò kọ iye tó kù.
Wọn ò fa ìlà.

Mo bi ìyá mi pé ta ló jogún eléyìí.
Ó ní kí n bá òun wá awò ojú òun.